Ará Chile Tó Wà ní Bẹ́ẹ̀dì Ẹ̀gbẹ́ Fèrèsé

"Antonia, ṣé ò ń gbọ́ mi? Mi ò tíì rí irú ọsibítù báyìí rí láyé mi."

Renato ló ń sọ̀rọ̀ sínú fóònù, ó ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó wà nílé wọn ní Chile. Wọ́n fi okùn fa ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sókè, wọ́n so àpò iyanrìn mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò fara pa rárá.

"Bẹ́ẹ̀dì mẹ́jọ ló wà ní wọ́ọ̀dù wa, àwa tá a wà níbẹ̀ á tó ọgbọ̀n. Kálukú ló gbé ìyá rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ àti àbúrò ìyàwó rẹ̀ wá. Wọ́n jókòó, wọ́n ń hun ẹ̀wù òtútù. Ìyàwó ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń gbàdúrà fún ọkọ rẹ̀ láàárọ̀, ló bá fi orúkọ tèmi kún un. Mi ò bẹ̀ ẹ́ o! Nọ́ọ̀sì wa ti tó ìyá wa lọ́jọ́ orí, 'ìfẹ́ mi' ló ń pè mí, bó ṣe ń pè mí bẹ́ẹ̀ ló ń gún mi lábẹ́rẹ́. Tí mo bá wo ìta látojú fèrèsé, ilé àwọn tó ń ta pósí ló kọjú sí mi, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn ti ń juwọ́ sí mi."

Mo ń bó ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, mi ò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Lọ́dọ̀ tiyín ńkọ́? Ṣé ẹ máa ń kó aláìsàn pamọ́ ni?"

"Lọ́dọ̀ tiwa, Fiorella, ọsibítù máa ń dákẹ́ rọ́rọ́."

"Ẹ kú ìdákẹ́ o. Níbí, ẹni tó bá dákẹ́ rọ́rọ́, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń juwọ́ sí ẹ yẹn ló ń lọ."

Ó rẹ́rìn-ín títí ẹsẹ̀ fi dùn ún. Nígbà tí Renato bá ń rẹ́rìn-ín, ihò kékeré kan máa ń yọ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ òsì. Ihò yẹn ló ṣe mí báyìí. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọlé wa ní Arequipa, ní ilẹ̀ Peru níbí, tó ní òun gbọ́ pé Àǹtí mi Hermelinda ní yàrá kan lókè tó ń fi háyà fún àlejò, mo ń fọ abọ́ lọ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín, abọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, ó fọ́. Àǹtí mi wo abọ́, ó wo èmi, ó wo ọmọkùnrin náà, ó ní, "Hẹn-ẹn."

Renato wá kọ́ bí àwọn ará ìlú wa ṣe ń gé òkúta funfun, èyí tí wọ́n fi kọ́ gbogbo ìlú wa, nítorí iṣẹ́ àwọn tó ń tún ilé àtijọ́ ṣe ló ń ṣe ní Valparaíso, lọ́dọ̀ wọn ní Chile. Ibi tí wọ́n ti ń gé òkúta náà ló ti já bọ́, egungun itan rẹ̀ sì dá. Láti ọjọ́ náà, èmi ni mò ń gbé ọbẹ̀ adìẹ lọ fún un, èmi ni mò ń bó ọsàn. Mi ò tíì sọ nǹkan kan fún un. Òun náà kò tíì sọ nǹkan kan. Ọsàn la ṣì ń sọ.

Ọ̀sán Sátidé yẹn ni Nọ́ọ̀sì Nélida wọlé tòun ti abẹ́rẹ́ rẹ̀.

"Ìfẹ́ mi, yí apá síbí. Dókítà ti fi ẹ́ sára àwọn tí wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún lọ́jọ́ Ajé. Ó ku ẹ̀jẹ̀. Ẹni méjì gbọ́dọ̀ wá fún wa lẹ́jẹ̀ kó tó di ọ̀sán ọ̀la, ká lè fi dípò èyí tá a bá lò fún ẹ. Irú ẹ̀jẹ̀ yòówù kó jẹ́. Àwọn ẹbí ẹ dà?"

"Chile ni wọ́n wà, mà."

"Ó jìnnà."

"Nílé náà wọ́n máa ń ní kéèyàn mú ẹni tó máa fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ wá," Renato sọ, "ṣùgbọ́n nílé, mo ní ẹbí."

"Tí a ò bá rí ẹni méjì ńkọ́?" mo bèèrè.

"Orúkọ ẹ̀ á kúrò lára ti ọjọ́ Ajé nìyẹn, ìfẹ́ mi. Dókítà sì ń lọ fún ìsinmi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun."

Renato gba ohùn sílẹ̀, ó fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀; fóònù rẹ̀ dún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ohùn Antonia ni, ohùn obìnrin tí kì í bá ẹnikẹ́ni ṣeré. "Gbọ́ mi dáadáa. Tí wọn ò bá ṣe é lọ́jọ́ Ajé, mò ń bọ̀ wá gbé ẹ. Mo ti bá ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn sọ̀rọ̀. A máa gba Tacna, létí ààlà, kọjá sílé. O ò ní dùbúlẹ̀ síbẹ̀ kí àwọn oníṣẹ́ pósí máa juwọ́ sí ẹ."

Renato wò mí. Mo wo ọsàn ọwọ́ mi, mo ti bó o tán, mo tún ń bó o.

Mo sáré délé. Àǹtí mi gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó so aṣọ ìdáná mọ́ ìdí, ó ní, "Ẹni méjì péré? Ìyẹn ló ń mú ẹ mí hẹlẹhẹlẹ bẹ́ẹ̀?" Ó yọrí sí ìta, ó pariwo orúkọ. Wilber àti Rómulo, àwọn ọmọ oníbúrẹ́dì, géńdé méjì tí wọ́n ń gbé àpò ìyẹ̀fun bí ẹni gbé ìrọ̀rí, ní àwọn máa wá. Mo sọ fún gbogbo wọn ohun tí Nọ́ọ̀sì Nélida sọ: kí wọ́n jẹun díẹ̀ kí wọ́n tó wá, ṣùgbọ́n kí wọ́n má jẹ ohun olóròóró.

Bàbá Eleuterio, ẹ̀gbọ́n Àǹtí mi, gbé ojú kúrò lára ràdíò rẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ ọmọ Peru, fún ará Chile? Wọ́n gbógun wá, wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wa, a ò tíì gbà á padà tán, ẹ tún fẹ́ bu ẹ̀jẹ̀ fún wọn?"

"Ẹ̀gbọ́n, ogun yẹn ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún," Àǹtí mi sọ. "Ọmọ ọlọ́mọ yìí kò tíì lé ní ọgbọ̀n. Ṣé òun ló jà á ni?"

"Wọ́n fi rán an."

"Ta ló tiẹ̀ bẹ̀ yín? Ẹ máa gbọ́ ràdíò yín."

Inú bí Bàbá. Ó wọ yàrá rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní òun kò ní jókòó ti oúnjẹ kankan tí wọ́n bá sè lórí ọ̀rọ̀ ará Chile nínú ilé náà.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ọjọ́ Àìkú lọ́jọ́ kejì. Ní Arequipa, kò sí ẹni tó ń jí lọ́jọ́ Àìkú tí kì í jẹ adobo. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ láti àná, wọ́n á fi ata àti àlùbọ́sà sí i, yóò máa hó wọ́ọ́rọ́wọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́, wọ́n á wá máa fi búrẹ́dì gbígbóná nu omi rẹ̀ jẹ. Nígbà tí mo jí, Wilber àti Rómulo ti jókòó sídìí tábìlì wa, abọ́ ti mọ́ níwájú wọn, Àǹtí mi ń bu èkejì sí i.

"Fiorella, wá jẹun."

"Mi ò lè jẹ, Àǹtí."

"Ìfẹ́ ni," Rómulo sọ pẹ̀lú búrẹ́dì lẹ́nu. "Èmi, tí ìfẹ́ bá mú mi, ṣe ni mo máa ń jẹun sí i."

"Ìdí nìyí tí kò fi sí ọmọge kankan tó lè bọ́ ẹ," Wilber dá a lóhùn.

Tíì nìkan ni mo mu. Ó yẹ kí n ti ronú nígbà yẹn. Mi ò ronú. Ta ló ń ka adobo sí oúnjẹ olóròóró lọ́jọ́ Àìkú? Bí ìgbà tí èèyàn ń wẹ̀ ló rí, a kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí gbogbo wa dé ọsibítù, Nọ́ọ̀sì Nélida gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lápá wọn kó lè yẹ̀ ẹ́ wò. Kò pẹ́ tó fi padà wá, ó gbé ìgò kékeré méjì sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Omi tó léfòó lórí ẹ̀jẹ̀ inú wọn, tó yẹ kó mọ́ gaara, funfun báláú bíi mílíìkì.

"Ẹ̀yin ìfẹ́ mi," ó sọ fún Wilber àti Rómulo, "kí lẹ jẹ?"

Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n wo Àǹtí mi.

"Adobo ni, mà."

"Adobo! Mi ò ṣá ní kí ẹ má jẹ òróró?"

"Ṣé mo da òróró sí i ni?" Àǹtí mi fọwọ́ lé ìbàdí. "Ẹ̀kán òróró kò sí nínú ìkòkò mi! Ọ̀rá ara ẹlẹ́dẹ̀ fúnra rẹ̀ ni. Ta ló máa fi ebi rán ọmọ ọlọ́mọ lọ fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀? Ṣé mo ya òṣìkà ni?"

"Ọ̀rá ni, òróró ni, mi ò lè lo ìkankan. Kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun! Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Renato á ti wà lójú ọ̀nà Tacna, èmi á sì máa bó ọsàn fún ara mi. Mo ti ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́ láti kékeré, ṣùgbọ́n mo ká apá aṣọ mi sókè.

"Ẹ gba tèmi, mà. Mi ò jẹ nǹkan kan."

Wọ́n fún mi ní bisikíìtì jẹ, wọ́n wọ̀n mí, ó ku díẹ̀ kí n má tó ìwọ̀n. Ẹ̀jẹ̀ mi mọ́. Mo di ojú nígbà tí abẹ́rẹ́ ń wọlé, mo ń ronú ihò ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn, n kò sì dákú. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ó ku ẹnì kan, ọ̀sán sì ń bọ̀.

"Nínú gbogbo Arequipa," Àǹtí mi ń ké, "níbo la ti máa rí ẹni tí kò jẹ adobo láàárọ̀ yìí?"

Ibẹ̀ ni a ti wo ara wa. A rántí ilẹ̀kùn tó tì.

Mo wọ takisí, mo dé ẹnu ilẹ̀kùn Bàbá Eleuterio. Mo kan ilẹ̀kùn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ jẹ láàárọ̀?"

"Ìbínú," ó dáhùn láti inú.

"Ẹ̀yin nìkan ló kù. Ẹ gbà mí."

"Kí ará Chile lọ gbàwòsàn ní Chile."

"Bàbá." Mo fi iwájú orí ti ilẹ̀kùn náà. Mi ò mọ̀ pé mo máa sọ ọ́ títí mo fi gbọ́ ohùn ara mi. "Tí wọ́n bá gbé e lọ, èmi náà á tẹ̀lé e. Ibẹ̀ ni mo máa wà. Ibẹ̀ ni mo máa bímọ sí. Àwọn ọmọ mi á máa kọ orin orílẹ̀-èdè Chile ní iléèwé."

Mo gbọ́ tó pa ràdíò rẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí, Bàbá Eleuterio ti dé fìlà.

"Orin wọn kẹ̀? Níbo ni takisí yẹn wà?"

Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́ gaara. Nọ́ọ̀sì Nélida ní ó ti pẹ́ tí òun ti rí irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ lára ẹni tó ń lọ sí ọgọ́ta ọdún. "Ìfẹ́ mi, ṣé ẹ kì í ṣàìsàn rárá ni?" Bàbá na àyà jáde. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gún un, ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ rí ọmọ náà. A bá a lọ sí wọ́ọ̀dù. Gbogbo àwọn ìyá tó ń hun ẹ̀wù gbé ojú sókè.

"Ìwọ ọmọ yìí. Ẹ̀jẹ̀ mi ni wọ́n fẹ́ gbà nítorí tìẹ. Kí wọ́n tó gbà á, sọ ọ́ létí gbogbo èèyàn: ta ló ni ọtí pisco?"

Èso àjàrà ni wọ́n fi ń ṣe pisco; àwa ará Peru ní tiwa ni, àwọn ará Chile náà ní tiwọn ni, ọ̀rẹ́ méjì sì lè pínyà lórí rẹ̀.

"Bàbá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi. Ohun mìíràn. Ohunkóhun."

"Mo ń lọ sílé."

"Bàbá mi ló ni ọgbà àjàrà! Wọ́n á lé mi nílé!"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," Bàbá sọ, inú ń bí i. "Fiorella ní tí wọ́n bá gbé ẹ lọ, òun á tẹ̀lé ẹ lọ bímọ sí Chile, ìwọ kò lè sọ ọ̀rọ̀ kékeré kan nítorí tirẹ̀?"

Wọ́ọ̀dù náà tó ń pariwo láti àárọ̀ dákẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́. Abẹ́rẹ́ ìhunṣọ dúró. Ilẹ̀ ì bá lanu kí n wọlé.

Renato rọra yí ojú sí mi. "Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìwọ dá Bàbá lóhùn," mo sọ, mi ò lè gbé ojú sókè.

Ó mú fóònù rẹ̀. Kò gbé ojú kúrò lára mi bó ṣe ń sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀: "Antonia, má wá. Mo wà ní Arequipa, mo dúró síbẹ̀. Sọ fún Bàbá wa pé Peru ló ni pisco."

Àwọn ìyá aláṣọ híhun pàtẹ́wọ́. Ìyàwó ọkùnrin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́kún. Kò pẹ́ tí ohùn Antonia dé, gbogbo wọ́ọ̀dù ló gbọ́ ọ: "Wọn ò tíì fà á sí ẹ lára o, ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń ṣiṣẹ́!" Bàbá Eleuterio ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti ń ká apá aṣọ sókè.

Lọ́jọ́ Ajé, àwa mẹ́ta jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí dókítà fi jáde. Ó ní egungun ti jókòó síbi tó yẹ. Mo fẹ́ gbá a mọ́ra, Àǹtí mi fà mí sẹ́yìn.

"Kó má tẹ ẹsẹ̀ yẹn mọ́lẹ̀ fún oṣù méjì," dókítà sọ. "Kó má sì gun àtẹ̀gùn rárá. Ibo ló ń gbé?"

"Ilé wa ni," Àǹtí mi sọ. "Yàrá òkè." Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohun tó sọ. Yàrá kan ṣoṣo ló wà nísàlẹ̀ ilé wa, yàtọ̀ sí ilé ìdáná.

Èmi àti Àǹtí mi kò wo Bàbá Eleuterio. Ó fọwọ́ pa òwú tí wọ́n lẹ̀ mọ́ apá rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó kùn hùn-ùn, ó sì dìde.

"Ẹ jẹ́ n lọ kó ràdíò mi kúrò níbẹ̀ ná."