Irun Tí Baba Mi Gbé Wálé

Àwọn òkè tí baba mi ṣẹ́gun ti jókòó sí àgbàlá wa nígbà tí mo wọlé. Mẹ́fà ni wọ́n. Wọ́n ti kéré, èyí tó tóbi jù nínú wọn kò ju odó lọ, wọ́n sì ń jẹ iṣu tí ìyá mi sè. Mo kí wọn. Wọ́n dáhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n mú òun lẹ́rú ni.

Baba mi, Balógun Ògúndèyí, wà láàárín wọn. Ó ti kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bá a sọ ọ́. Ojú ọ̀nà ló ń wò. Ó ní òkè keje kò tíì dé.

A kì í dárúkọ òkè keje nílé wa. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi, Àjùwọ̀n, kú sí. Lọ́dọ̀ wa, bí ọmọ ogun bá kú sí ọ̀nà jíjìn, wọn a gé irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ wálé, kí ìyá rẹ̀ lè rí nǹkan sin. Baba mi gbé tirẹ̀ wálé nínú aṣọ. Èmi ni mo gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé. Kò jìn rárá.

Ẹ̀yìn ilé wọ inú yàrá. Koríko hù lórí ẹní, ibojì náà sì wà níbi tí ìyá mi ń gbórí lé. Mo dẹtí sí i. Ohùn baba mi ni mo gbọ́ nínú ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn mi ni baba mi dúró sí.

"Ìyá Àjùwọ̀n," ó ní, "irun tèmi ni."

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ròyìn ogun. Kí wọ́n tó gun òkè keje, ó pàṣẹ kí gbogbo ọmọ ogun fá orí, kí ọ̀tá má baà rí irun wọn dì mú. Ọgbọ́n ńlá ni. Wọ́n tilẹ̀ fi kọrin kí i. Òun nìkan ni kò fá orí, nítorí orí ẹṣin nísàlẹ̀ ni Balógun ti ń darí ogun. Nígbà tí Àjùwọ̀n ṣubú, kò sí irun lórí rẹ̀. Baba mi gbé ọwọ́ rẹ̀ wò. Àpáta ti jẹ gbogbo èékánná rẹ̀ tán.

Ọdún méje ni mo fi ń kúnlẹ̀ kí ilẹ̀ yẹn láràárọ̀, tí mo ń pè é ní ẹ̀gbọ́n mi. Ọkàn mi gbọgbẹ́. Wọ́n ní ọmọ mi kú yá ju ọmọ mi nù lọ. Lójú mi níbẹ̀, Àjùwọ̀n kúrò lára àwọn tó kú, ó bọ́ sára àwọn tó nù.

Ìyá mi kò gbójú sókè. Ó ń bu iṣu fún àwọn òkè.

"Mo mọ̀," ó ní. "Ewú wà nínú rẹ̀. Ọmọ mi kò dàgbà tó ewú."

"Kí ló dé tí o fi sin ín?" baba mi bi í.

"Ọwọ́ yín ń gbọ̀n lọ́jọ́ tí ẹ gbé e dé. N kò rí i kó gbọ̀n rí."

Baba mi sunkún. Àwọn òkè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kọjú sí ògiri kí ojú má baà tì í.

Òkè keje dé. Òun kò kéré ní tirẹ̀. Ó dí gbogbo ojú ọ̀nà, ilé sì ṣókùnkùn. A ń gbọ́ ẹni tó ń gùn ún, ọwọ́ ń ha òkúta. Baba mi bẹ òkè náà pé kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ọmọ òun lè sọ̀ kalẹ̀.

"Balógun," òkè náà ní, "ẹ̀yin lẹ ní kó má bojú wẹ̀yìn."

Mo pe Àjùwọ̀n. Mo pè é títí ohùn mi fi há, mo sì jí. Ilẹ̀ ti mọ́. Orúkọ rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu mi. Ìyá mi ti gbọ́ ọ láti yàrá kejì.

"Ṣé ó ti dé?" ó bi mí.