Sùtánà Mabel Lójú Òkun

Ọdún tí epo dúdú bo ojú omi Abereke, tí ẹja sá lọ síbi tí àwọ̀n kò dé, ni Fọláránmi bá àwọn apẹja mìíràn lọ sí òkun Kamẹrúùnù. Ó sọ fún Mabel ìyàwó rẹ̀ pé kó máa gbàdúrà, òun ń bọ̀ kí ọdún tó yí. Ọdún yí, òmíràn tún yí lé e. Àwọn tí wọ́n jọ lọ ti dé. Wọ́n ní etíkun kan tí ṣọ́jà ti ń lé àlejò ni àwọn ti pínyà, pé àwọn kò rí òkú rẹ̀, àwọn kò sì rí i láàyè.

Mabel ń yan ẹja, etí rẹ̀ wà lójú omi. Ẹni tó ń retí ẹni, gbogbo ẹ́ńjìnnì ló ń dún bí ti ẹni tó ń retí.

Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn jù ni pé òkun ti yí ojú ilé padà lẹ́yìn ọkọ rẹ̀. Nígbà tí Fọláránmi ń lọ, ilé àdúrà àwọn aláṣọ funfun ṣì wà létí omi, wọ́n kùn ún ní funfun láti òkè délẹ̀. Òun ni àwọn apẹja fi ń ṣe àmì. Ẹni tó ń bọ̀ láti ojú òkun yóò kọjú ọkọ̀ sí ilé funfun náà, nítorí ibẹ̀ lomi ti jìn, ibẹ̀ ni kò séwu. Àfi bí òkun ṣe gbé ilé náà mì. Pèpéle kọnkéré tí pẹpẹ wà lórí rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù, ó dá dúró sínú omi. Ìjọ kọ́ òmíràn sẹ́yìn, lápá òsì, wọ́n sì tún kùn ún ní funfun. Ẹni tó bá kọjú ọkọ̀ sí ilé tuntun yìí, àárín òpó àwọn ilé tó ti rì ni yóò já sí, àwọn òpó tí omi bò, tí wọ́n ń fọ́ ọkọ̀ bí ẹni fọ́ èèpo ẹ̀pà. Àwọn ará ìlú mọ̀. Wọ́n ti so àgbá pupa kan sójú omi, òun ni wọ́n ń tẹ̀ lé wọlé. Fọláránmi kò mọ̀. Bó bá dé, ilé funfun ni yóò wá, ilé funfun ni yóò sì rí.

Nítorí náà ni Mabel fi ri ọ̀pá gígùn kan mọ́ pèpéle àtijọ́, tó so aṣọ ibùsùn funfun mọ́ ọn.

Kọ́lájọ, àbúrò ọkọ rẹ̀, kò fẹ́ rí i. Ojú rẹ̀ wà lára àwọ̀n àti ọkọ̀ ńlá tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀, ẹbí kò sì lè pín wọn níwọ̀n ìgbà tí ìyàwó kò bá tíì wọ aṣọ ọ̀fọ̀. Ó bá a lórí afárá pákó níwájú ilé.

“Ìyàwó wa, ta lo ń fi aṣọ pè lójú omi?”

“Ọkọ mi ni.”

“Ọkọ rẹ ló ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí.”

“Ẹ̀yin lọkọ tó ń jẹ púpurú mi. Èyí tí mò ń pè lọkọ tó ń wá ẹja tá a fi ń jẹ ẹ́.”

Àwọn obìnrin tó ń fọ abọ́ nítòsí rẹ́rìn-ín. Ojú Kọ́lájọ le. “Òkú kì í mọ àmì.”

“Ẹ fi òkú rẹ̀ hàn mí, kí n fi aṣọ ọ̀fọ̀ hàn yín.”

Kọ́lájọ wa ọkọ̀ lọ síbi pèpéle, ó sì fa aṣọ náà ya.

Aṣọ funfun kan ṣoṣo tó kù fún Mabel ni sùtánà tó fi ń gbàdúrà. Ó so ó mọ́ ọ̀pá. Ó mọ̀ pé kò sí ọmọ Abereke tí yóò láyà láti fa aṣọ àdúrà ya.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Ìyá Àdúrà Adétutù dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà. “Mabel, sùtánà rẹ dà?”

“Ó wà lẹ́nu iṣẹ́, Mọ́mì.”

“Iṣẹ́ wo ni sùtánà ń ṣe níta?”

“Ó ń dúró de ẹnìkan.”

Adétutù kò lè jẹ́ kó wọlé láìwọ sùtánà, òfin ìjọ ni. Ó ní kó lọ dúró lẹ́bàá fèrèsé, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí fèrèsé náà sílẹ̀. Ibẹ̀ ni Mabel ti ń gbàdúrà láti ìgbà náà, lórí iyanrìn, láìwọ bàtà. “Olúwa, Ìwọ tí o mọ ibi tí ẹja sá lọ, o mọ ibi tí Fọláránmi wà. Má jẹ́ kó ṣìnà. Kọ́lájọ yìí, mú un kúrò lójú ọ̀nà mi.” Àdúrà ìkẹyìn yìí ló máa ń tẹnu mọ́ jù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí Kọ́lájọ tó lọ sójú òkun, ó fa ọ̀pá náà tu, ó gbé e sínú ọkọ̀ lọ. Kò fa sùtánà ya. Ó ká a dáadáa, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà Mabel, ó fi òkúta lé e kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e. Ìgbà tí Mabel rí òkúta yẹn ló sunkún. “Olúwa, agbára mi ti pin. Ìwọ ni kó o bá mi ja ìjà yìí.”

Nígbà tó di ọ̀sán, òjò ṣú. Ojú ọ̀run dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò, ìgbì ń ga. Àgbá pupa já, ó ń yí gbiri létí omi. Mabel gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì lókèèrè. Fọláránmi ni. Ó wọ sùtánà, ó bọ́ sínú omi, omi mù ún dé itan, ó gun pèpéle, ó na ọwọ́ méjèèjì.

Ibẹ̀ ló ti wá gbọ́ ọ dáadáa. Ẹ́ńjìnnì náà wúkọ́, ó dákẹ́, ó tún wúkọ́. Kò sẹ́ni tí kò mọ ikọ́ náà ní Abereke. Kọ́lájọ ni.

Ìrètí rẹ̀ rì bí òkúta. Ó rí ọkọ̀ náà fírífírí, àgbá pupa kò sí níwájú rẹ̀ mọ́, ó kọjú sí ilé àdúrà tuntun, sí àárín àwọn òpó. Ó rántí ohun tó ti ń bẹ Ọlọ́run fún. Àdúrà náà ti fẹ́ gbà. Bó bá sọ ọwọ́ sílẹ̀, tó jókòó, ó parí.

“Olúwa, kì í ṣe báyìí,” ni ó wí. Ó wá ń ro etíkun kan tí kò mọ̀, níbi tí Fọláránmi lè máa wá àmì lásìkò yìí, kó sì jẹ́ ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀ ló dúró níbẹ̀. Ó na ọwọ́ sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ìjọ.

Orí ọkọ̀ yí padà. Ó gba ibú wọlé, ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle.

“Mo rò pé ilé àdúrà àtijọ́ ló padà jáde,” ni Kọ́lájọ wí. “O mọ̀ pé èmi ni?”

“Mo mọ ikọ́ ẹ́ńjìnnì yín.”

Kọ́lájọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọ ọ̀pá Mabel jáde lábẹ́ àwọ̀n, ó ń wá ihò tó ti tu ú láàárọ̀. “Wọlé sínú ọkọ̀, ìyàwó wa. Omi ń kún.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi, ẹ pa ẹ́ńjìnnì yẹn ná.”

Ó pa á. Òjò ti ń rọ̀ bọ̀ láti ojú òkun. Mabel dúró nínú sùtánà tútù, ó kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀, ó ń tẹ́tí bóyá ẹlòmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn.