Kúbùsù Ọ̀pọ̀lọ́ Pupa

Àbúrò bàbá wa, Dohsun, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kékeré, gbé ife tíì oníwàrà rẹ̀ sílẹ̀, ó nu irunmú, ó wá sọ ọ̀rọ̀ tó da ilé rú.

"Tuyaara, ọ̀pọ̀lọ́ pupa rẹ yẹn, ohun ọ̀ṣọ́ lásán ni. Ọkọ̀ tó ń sùn ní gáráàjì olóoru bí ọmọ jòjòló! Jẹ́ kó sùn níta lálẹ́ òní bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ká wò ó bóyá á jí."

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni Tuyaara. Ọkọ̀ tí wọ́n ń bú yẹn, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe: ọkọ̀ asáré tó ti Japan wá, sítíárìn rẹ̀ lápá ọ̀tún, imú rẹ̀ gùn, ó sì kúrú débi pé bí o bá ń wọ inú rẹ̀, àfi bí ẹni ń jókòó sílẹ̀. Ní Yakutsk níbí, nínú oṣù kejìlá, ọkọ̀ tí èèyàn bá kàn pa síta, àfi kó máa retí ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ kì í tilẹ̀ pa tiwọn. Tọ̀sántòru ló máa ń kùn lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn. Jíìpù àti ọkọ̀ akẹ́rù nìyẹn o. Ọ̀pọ̀lọ́ pupa ńkọ́?

"Bó bá jí ńkọ́?" ni Tuyaara bi í.

"Bó bá jí, tó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọdá odò dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà yín lábúlé lọ́la kí oòrùn tó wọ̀, ẹnu mi ò ní í kan ọkọ̀ yẹn mọ́ láyé. Ṣùgbọ́n bí kò bá dé, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ di tèmi títí yìnyín odò á fi yọ́. Kò sí dídá iná sábẹ́ rẹ̀, kò sì sí fífi okùn fà á."

Mo wo ojú ẹ̀gbọ́n mi. Oṣù kẹta ni ìje orí yìnyín adágún. Ọdún méjì ló ti ń múra fún un, ọdún yìí ni wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba orúkọ rẹ̀. Kí yìnyín odò tó yọ́, oṣù karùn-ún ti dé. Ẹni tó bá gba kọ́kọ́rọ́ yẹn ti gba ìje náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Má dá a lóhùn o," ni ìyá wa wí láti ìdí ààrò.

"Mo gbà," ni Tuyaara wí.

Ara mi ò lè gbà á mọ́, mo fò dìde. Ìṣirò ni mò ń kọ́ ní yunifásítì, àlọ́ tó bá ta kókó sì máa ń dùn mọ́ mi ju ẹran ìhà ẹṣin lọ. Àlọ́ wo ló tún tóbi ju èyí lọ?

Kí ilẹ̀ tó ṣú, a ti ti ọ̀pọ̀lọ́ jáde sí àgbàlá. Tuyaara tú bátìrì rẹ̀, ó gbé e wọlé, ó sì tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ ààrò lórí súwẹ́tà mi.

"Ẹ wá wò ó!" Bàbá Kékeré pariwo. "Ẹ fún un ní wàrà kó mu, kí ẹ sì gbé e pọ̀n!"

"Iná la ní a ò gbọdọ̀ dá, Bàbá Kékeré," ni mo wí. "Ẹ ò dárúkọ bátìrì."

"Ìwọ onímáàsì yìí, ọjọ́ tí o máa gbéyàwó, ìwé àdéhùn nìkan ni wàá máa kà fún un."

Lẹ́yìn náà la da kúbùsù bo ọkọ̀ náà. Ìyá àgbà ló fi ránṣẹ́ sí Tuyaara nígbà ìkórè koríko: irun ẹṣin tó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ mọ́ra títí tó fi nípọn bí àtàǹpàkò, tó wá gé e mọ ìwọ̀n imú ọkọ̀ náà gẹ́lẹ́. Ó bo bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì bọ́ sílẹ̀ bo iwájú rédíétọ̀ pátápátá. Okùn irun ẹṣin la fi ń dì í. Ìyá wa, tó ti ní ká má dá Bàbá Kékeré lóhùn, ló tún jáde wá ki páálí bọ abẹ́ kúbùsù náà.

"Bí ẹ bá tilẹ̀ máa ya wèrè," ó ní, "ẹ má jẹ́ kí òtútù mú un."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òtútù ti dé ìwọ̀n méjìléláàádọ́ta nísàlẹ̀ òdo. Kùrukùru bo àdúgbò débi pé ohùn ajá la fi ń mọ ibi tí ilé kọ̀ọ̀kan wà. Tuyaara gbé bátìrì jáde lábẹ́ ẹ̀wù àwọ̀lékè rẹ̀ bí ẹni jí ọmọ gbé, ó so ó mọ́ àyè rẹ̀, ó sì wọlé jókòó. Ìjókòó náà le bíi pákó. Ọ̀pá gíà kò fẹ́ mì. Àfi bí ẹni ń fi igi ro oyin tó ti dì. Àwọn aládùúgbò méjì ti wá dúró pẹ̀lú Bàbá Kékeré lẹ́bàá ọgbà, wọ́n ń gbẹ́sẹ̀ sókè sódò, wọn ò sì fẹ́ kí nǹkan kan fo àwọn.

Ó kọ́kọ́ tan iná iwájú díẹ̀, kí ara bátìrì lè ta jí. Ó pa iná. Ó yí kọ́kọ́rọ́.

*Hùn-ùn.* Ó tán.

"Ọ̀pọ̀lọ́ ń hanrun!" ni ọ̀kan nínú àwọn aládùúgbò wí.

Ó tún yí i. *Hùn-ùn… hùn…* Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, mo ń gbọ́ bí epo inú ẹ́ńjìnì ṣe ń wọ́ ara rẹ̀ kiri. "Àǹtí, ó yára ju ti àkọ́kọ́ lọ," ni mo sọ. "Ẹ jẹ́ kó sinmi díẹ̀ ná."

A dúró. Èémí tí mò ń mí sí ojú ara mi ń di yìnyín sí ìpéǹpéjú mi. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó yí i, kò sì jọ̀wọ́ kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ náà wúkọ́. Ó sín. Ó ta èéfín funfun kan tó ga ju ilé lọ, ó wá bú ramúramù!

Mo pariwo, mo dì mọ́ aládùúgbò tó ń yọ wá lẹ́nu, òun náà sì ń lù mí lẹ́yìn gbàù-gbàù. Tuyaara ń fi ọwọ́ méjèèjì lu sítíárìn bí ẹni ń jó. Bàbá Kékeré nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i tó ń fi ìbọ̀wọ́ bo ẹnu.

"Jíjí kọ́ ni dídé," ó ní. "Odò ń dúró dè yín."

Nígbà tí ara ẹ́ńjìnì ti yá, tí kùrukùru sì ti ń ká, a gbéra. Tuyaara fẹ́ tú kúbùsù náà, ṣùgbọ́n ariwo ló ta láti ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. "Ṣé orí ẹ pé?" ni ìyá wa wí. "Atẹ́gùn orí odò á wọ inú rẹ̀ lọ pa á!" Kódà Bàbá Kékeré, tí ì bá jàǹfààní, mi orí. "Má tú u, ọmọ mi. Bí mo bá máa borí rẹ, mo fẹ́ borí rẹ lọ́nà tó tọ́." La bá fi í sílẹ̀. Òun àti ìyá wa wọ ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀, wọ́n tẹ̀lé wa.

Táyà tó ti sùn lójú kan láti àná ti ní igun. *Gbì-gbì-gbì* ló ń sọ wá títí ara rẹ̀ fi yọ́, tó padà róbótó. Létí odò, a tú bẹ́líìtì wa bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe, nítorí bí yìnyín bá là, ẹni tó so ara rẹ̀ mọ́ ìjókòó ti ṣe aṣọ òkú ara rẹ̀. Tuyaara ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, ó ju bíbù àkàrà pẹlẹbẹ kan sórí yìnyín fún odò.

"Ìyá, à ń kọjá o," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká dé."

Ó wá tẹ̀ ẹ́.

Ah! Bí mo ṣe máa ṣàlàyé rẹ̀ ni mi ò mọ̀. Odò Lena fẹ̀ lọ síwájú wa bí tábìlì gíláàsì, ọ̀pọ̀lọ́ pupa sì na ara rẹ̀ sórí rẹ̀, ó ń fò. Ní ibi tí ọ̀nà ti yà, Tuyaara jẹ́ kí ìdí ọkọ̀ náà yọ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀ lọ sápá kan, ó fi ìka méjì dá a padà, ó sì ń kọrin. Èmi ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ayọ̀ ń gùn. Mo yíjú wo abẹ́rẹ́ tó ń ka ìgbóná, bóyá òtútù ti fà á wálẹ̀. Ẹ̀rín kú lẹ́nu mi.

"Àǹtí, abẹ́rẹ́ yìí wà lókè."

"Òkè báwo?"

"Ó fẹ́ wọ pupa."

Ó dín eré kù. Abẹ́rẹ́ kò wálẹ̀. Èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ létí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Láàárín odò gan-an, níbi tí èbúté méjèèjì jìnnà dọ́gba, ó dúró, kò sì pa ẹ́ńjìnì. Bí ó bá pa á nínú atẹ́gùn yẹn, kò ní í jí mọ́. Bí kò bá pa á, yóò jóná. Oòrùn sì ti ń sún mọ́ igbó.

Bàbá Kékeré fò sílẹ̀ lẹ́yìn wa. Kò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ti ń bọ́ ẹ̀wù onírun rẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

"Omi ti dì nínú rédíétọ̀ yín! Kò lè yípo mọ́, ìyẹn ló ṣe ń hó! Ẹ bò ó sí i! Ẹ gba ẹ̀wù mi!"

Tuyaara gbà á, ó fẹ́ tẹ́ ẹ sórí kúbùsù.

"Ẹ dúró!" ni mo kígbe.

Orí mi ń yí bíi táyà. Àmì kan náà, àìsàn méjì. Bí omi bá ti dì lóòótọ́, ẹ̀wù náà lè gbà wá. Ṣùgbọ́n bí omi kò bá dì, tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ni kò rí ọ̀nà wọlé láti tù ú, ẹ̀wù yẹn ló máa parí iṣẹ́. Oògùn ọ̀kan ni májèlé èkejì. Kí ló wá yàtọ̀ láàárín wọn?

"Rọ́bà ìsàlẹ̀!" ni mo wí. "Èyí tó ń gbé omi jáde láti inú rédíétọ̀. Bí omi bá ti dì, rọ́bà yẹn á tutù, á le bí irin. Bí kò bá dì, á gbóná."

"Wọ abẹ́ rẹ̀ lọ, kí lò ń dúró wò?" ni Tuyaara wí.

Mo dùbúlẹ̀ lórí yìnyín, mo bọ́ ìbọ̀wọ́ onírun, ó ku ti òwú tó wà nínú, mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ imú ọkọ̀. Irin ń bù mí jẹ ní gbogbo ibi tí mo bá kàn. Mo wá a, mo wá a. Ọwọ́ mi bà á. Mo fún un.

Ó rọ̀. Ó sì jó mi lọ́wọ́!

"Ó gbóná! Ó gbóná! Kò dì! Ooru ló ń pa á!"

"Ooru kẹ̀?" Bàbá Kékeré wo ojú ọ̀run, ó wo yìnyín tó wà lára irunmú ara rẹ̀. "Nínú òtútù yìí? Tuyaara, má gbọ́ tirẹ̀. Bí o bá tú kúbùsù yẹn lórí odò, o pa á nìyẹn."

"Ìyá àgbà yín ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é," ni ìyá wa wí láti inú ọkọ̀ akẹ́rù. "Kí lẹ máa sọ fún un?"

Tuyaara dúró, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò mí. Kò wò mí bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń wo àbúrò.

"Ó dá ọ lójú?"

"Ọwọ́ mi ṣì ń ta mí."

Okùn irun ẹṣin náà ti dì gbagidi, ìdí rẹ̀ kò ṣeé tú. Ó gé ìkíní. Ó gé ìkejì. Kúbùsù náà ṣubú, èéfín sì ń rú lára rẹ̀ bí ẹran tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kúrò nínú ìkòkò. Ó fa páálí ìyá wa yọ, ó jù ú sẹ́yìn. Atẹ́gùn odò já wọ inú rédíétọ̀ pẹ̀lú ariwo.

Gbogbo wa ki orí bọ inú ọkọ̀ náà láti wo abẹ́rẹ́, orí mẹ́ta nínú ilẹ̀kùn kan. Kò mì. Kò mì. Bàbá Kékeré ń mí sí mi létí. Lẹ́yìn náà ó sún díẹ̀, bí ẹni tó ń tijú. Ó tún sún.

"Ó ń wálẹ̀!" Bàbá Kékeré ló kọ́kọ́ pariwo. Ó wá rántí pé ọ̀tá ni òun. "Ó ń wálẹ̀, ṣùgbọ́n oòrùn náà ń wálẹ̀."

"Ẹ bá wa mú kúbùsù bọ̀!" ni Tuyaara wí, a sì ti lọ.

Eré tó sá lẹ́yìn náà, ìyẹn gan-an ni eré. Ọ̀pọ̀lọ́ ti rí afẹ́fẹ́ mí. A kọjá lára ọkọ̀ akẹ́rù kan, awakọ̀ rẹ̀ fọn fèrè sí wa. A gun èbúté, igbó ń sá lọ sẹ́yìn ní ọ̀tún àti ní òsì, oòrùn pupa ń yọjú láàárín igi, ó ń fara pamọ́, ó ń yọjú. "Ó ṣì wà níbẹ̀?" Tuyaara ń béèrè. "Ó wà níbẹ̀!" ni mò ń dáhùn. Nígbà tí a yà wọ abúlé, ìdajì rẹ̀ ṣì jókòó sórí òrùlé ilé ìyá àgbà.

Òun fúnra rẹ̀ ti dúró lẹ́nu ọgbà pẹ̀lú fìlà onírun rẹ̀. Kò kí wa. Imú ọkọ̀ ló ń wò.

"Kúbùsù mi dà?"

Tuyaara jáde, ó tẹríba. "Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́. Mo fi ọ̀bẹ gé e kúrò lórí odò. Ooru fẹ́ pa á."

"Ṣé ẹ wọ̀ ọ́ fún un tó fi ń sáré ni?" Ìyá àgbà la ẹnu sílẹ̀. "Ta ní ń fi kúbùsù sáré? Orun ni mo ṣe é fún!"

Ẹ̀rín pa mí débi pé mo fara ti ọgbà. Ìgbà yẹn ni ọkọ̀ akẹ́rù Bàbá Kékeré dé, oòrùn ti wọ̀. Ó bọ́ sílẹ̀, kúbùsù wà léjìká rẹ̀. Ó rí ọ̀pọ̀lọ́ tó ń kùn lẹ́nu ọgbà. Ó na ọwọ́ sí Tuyaara, ó sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ gidigidi.

"Nínú oṣù kẹta," ó ní, "èmi ni màá gbé bátìrì náà pọ̀n."

Tuyaara fẹ́ wọlé lọ pa ẹ́ńjìnì.

"Má pa á!" ni ìyá àgbà wí. Ó ti ṣí ilẹ̀kùn apá òsì, ó ń wá ibi tí yóò gbé ẹsẹ̀ sí. Èmi àti ìyá wa dì í mú, a rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí orúnkún rẹ̀ fi kan àgbọ̀n. Ó fa fìlà rẹ̀ wálẹ̀ dáadáa.

"Dohsun, kúrò lọ́nà," ó ní. "Ìwọ Tuyaara, ọ̀nà abúlé ṣófo. Jẹ́ n rí i."