Àpótí tí Valsin Gbé Sábẹ́ Igi Óákù

Bí ẹ bá dé Chênière Mouillée, erékùṣù wa láàárín àbàtà, tí ẹ bi ẹnikẹ́ni pé níbo ni wúrà Valsin Maroteau wọlẹ̀ sí, ilé mi ni wọn yóò nawọ́ sí. Wọn yóò ní, "Ẹ lọ bi Ìyá Àgbà Ozémie. Ẹnu rẹ̀ ló rì í." N kò bá wọn jà. Ẹnu mi ti ṣe bẹbẹ láyé. Ó ti tú ìgbéyàwó méjì ká, ó sì ti lé fadá kan dìde nídìí oúnjẹ. Ọkọ mi, Dosité, máa ń sọ pé tí mo bá kú, ọjọ́ méjì ni wọn yóò fi sin mí: ọjọ́ kìíní fún ara, ọjọ́ kejì fún ẹnu, torí ẹnu kò ní tíì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Òun ló ṣáájú lọ. Ẹnu wà níbí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnu yìí pa mọ́ fún ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti Valsin. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ nísinsìnyí, kò sí aṣọ tó lè yí i ká. Wọ́n ní ó ga bí òpó ọkọ̀, wọ́n ní wúrà ni eyín rẹ̀, wọ́n ní ó bẹ́ orí ọ̀gá ọkọ̀ Sípéènì kan, orí náà sì bú u fún ọjọ́ mẹ́ta kó tó dákẹ́. Èmi tí mo fi ojú mi méjèèjì rí i, ọkùnrin kúkúrú ni. Bí ó bá jókòó sórí àga ìyá mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kanlẹ̀. Inú máa ń run ún bí ó bá ti jẹ ata. Ẹ̀fọn kò sì mọ̀ pé ajalèlókun ni.

Ajalèlókun ni lóòótọ́, onífàyàwọ́ sì ni. Nígbà yẹn, Faransé ti ta ilẹ̀ wa fún Amẹ́ríkà bí ẹni ta ewúrẹ́ pẹ̀lú ìso, kò sí ẹni tó bi ewúrẹ́. Ìjọba tuntun gbé aṣọ́bodè sí ẹnu odò, wọ́n ní kí a sanwó orí abẹ́rẹ́, kí a sanwó orí aṣọ, kí a sanwó orí kọfí. Valsin a gba ẹrù lọ́wọ́ ọkọ̀ Sípéènì lójú òkun, a gbé e gba inú àbàtà wa wọlé. Ọkọ̀ àwọn aṣọ́bodè tóbi, ẹrẹ̀ a mú un. Ọkọ̀ àjẹ̀ tiwa lè rìn lórí ìrì. Iṣẹ́ tiwa nínú rẹ̀ kò ju pé kí a má rí nǹkan kan.

Mo rántí ọjọ́ kan tí aṣọ́bodè kan dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, tí ẹ̀fọn ti jẹ ojú rẹ̀ wú bí búrẹ́dì.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rí Valsin Maroteau?"

Ìyá mi ò dúró nídìí edé tó ń bó. "Èwo nínú wọn? Èyí tó ga ni àbí èyí tó kúrú?"

"Èyí tó ga. Ọkùnrin gíga ni wọ́n kọ sínú ìwé wa."

"Áà, rárá o, ọmọ mi. N kò rí èyí tó ga."

Valsin sì wà nínú ilé ìdáná, ó ń lá ọbẹ̀ ilá nínú abọ́ mi. Mo rò pé ọjọ́ yẹn gan-an ló bẹ̀rẹ̀ sí í ga.

N kò ní fi oyin sí i fún yín. Ó máa ń gbé aṣọ àti wáìnì, ṣùgbọ́n ó máa ń gbé ènìyàn pẹ̀lú, àwọn tó fẹ́ lọ tà lẹ́rú. Mo rí wọn lẹ́ẹ̀kan nínú ọkọ̀ rẹ̀, wọ́n jókòó, wọ́n fún mọ́ra wọn lábẹ́ ìgbòkun, obìnrin kan pọn ọmọ, ó ń wò mí. Ìyá mi fà mí wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Àwọn tó ń sọ ìtàn Valsin kì í dé ibi obìnrin yẹn. Èmi ń dé ibẹ̀, torí pé ọkùnrin kan náà ló ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, n kò sì tíì mọ bí mo ṣe lè fi ọwọ́ kan gbé méjèèjì.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà yẹn. Oyún àkọ́kọ́ wà nínú mi, ìjì oṣù kẹjọ sì dé. Ó jà fún ọjọ́ méjì. Valsin sá ìjì náà wọ ilé wa, òun àti ọkọ̀ rẹ̀ kan tó so mọ́ ẹ̀yìn ilé. Ọmọ bọ́ sáyé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọkùnrin ni. Ẹ̀jẹ̀ ń ya lára mi, agbẹ̀bí kọjú sí mi kí n má baà lọ, nígbà tí ó fi máa yíjú padà, ọmọ ti lọ. Kò sí ẹni tó bu omi sí i lórí. Omi yí wa ká lápá ọ̀tún àti lápá òsì, omi ń wọlé gba abẹ́ ilẹ̀kùn, kò sí ẹni tó ráyè bu ẹ̀kún àtẹ́lẹwọ́ kan láti fi ṣe ìrìbọmi fún ọmọ mi.

A kì í sin ẹni tí kò ṣe ìrìbọmi sí ilẹ̀ ìjọ. Kò sì sí pákó tí a ó fi kan pósí. Lọ́dọ̀ wa, òkun ló ń fún wa ní pákó, ìjì sì ti kó gbogbo èyí tó wà nílẹ̀ lọ. Dosité ní òun yóò fi ìgbòkun wé e. Ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ilé wa yàrá kan ni, Valsin gbọ́. Ó jáde sínú òjò. Ó da aṣọ rẹ̀ àti sílíkì rẹ̀ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó gbé àpótí rẹ̀ wọlé, àpótí igi kédárì tí wọ́n fi idẹ de igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ó ní, "Ó ti bá mi rin òkun fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Omi ò wọ inú rẹ̀ rí."

Nígbà tí òjò dá díẹ̀ lọ́sàn-án, òun àti Dosité tẹ́ ọmọ sínú rẹ̀, wọ́n gbé e lọ sábẹ́ igi óákù ńlá, níbi tí ilẹ̀ wa ti ga jù. Clélie, àbúrò ọkọ mi, wà lójú fèrèsé rẹ̀. Ó rí ọkùnrin méjì tó gbé àpótí lọ, ó rí wọn tí wọ́n ń bọ̀ lọ́wọ́ òfo, ojú àwọn méjèèjì sì pọ́n. Clélie ní, "Ojú ẹni tó ri wúrà mọ́lẹ̀ ló ń pọ́n bẹ́ẹ̀ yẹn."

Ìtàn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọkàn mi ní kí n lọ já a kúrò lẹ́nu Clélie. Ṣùgbọ́n fadá tó ń bójú tó wa nígbà náà le bí èèpo igi. Ó ti mú kí ìdílé kan ní erékùṣù kejì hú ọmọ tiwọn tí kò ṣe ìrìbọmi kúrò níbi tí wọ́n sin ín sí. Dosité di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ozémie, jẹ́ kí wọ́n máa pè é ní wúrà."

Ni mo bá jẹ́ kí wọ́n máa pè é ní wúrà. Bí mo bá ń kọjá lábẹ́ igi náà, mo máa ń kọrin tí kò nítumọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ẹni tí mò ń kọ ọ́ fún.

Valsin lọ, kò padà. Mo ti gbọ́ ikú rẹ̀ lọ́nà méje, ọ̀kan nínú rẹ̀ ní ẹja ló gbé e mì. Bí ó ṣe ń pẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni wúrà ń pọ̀ tó. Òfin sì wọ ọ̀rọ̀ náà, ẹ mọ̀ ọ́n: ọ̀sán gangan ni a ń wa wúrà ajalèlókun, nígbà tí òjìji igi bá wọ abẹ́ igi, ẹni tó ń wà á kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Bí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ bá la ẹnu, àpótí yóò rì, ẹni tó bá dúró tì í yóò bá a lọ, a kì í sì í tún ibẹ̀ wà mọ́ láéláé.

Ọdún kejì tí Dosité kú ni Cyprien, ọmọ Clélie, wá bá mi. Ó fi fìlà sórí orúnkún.

"Ìyá Àgbà, èmi àti àwọn arákùnrin ìyàwó mi fẹ́ wa abẹ́ igi ní Mọ́ńdè. Mo ní kí n wá sọ fún yín."

"Kò sí wúrà níbẹ̀, Cyprien."

"Ohun tí ẹni tó ní wúrà máa ń sọ gan-an nìyẹn."

"Èmi? Irùngbọ̀n tó ń so rọ̀ lára ẹ̀ka igi ni mo fi kún tìmùtìmù tí ò ń jókòó lé. Kòkòrò tó wà nínú rẹ̀ ti ń jẹ ìdí rẹ, mo rí i bó o ṣe ń yíra."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá mi rí àpótí yẹn. Ó búra kó tó kú."

"Ìyá rẹ náà ló rí ọ̀ọ̀nì tó ń ka ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà."

"Ẹ ṣáà dá mi lóhùn. Ọdún mélòó lẹ ti fi gbé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, kí ló dé tẹ́ ò wà á?" Ó dáhùn fúnra rẹ̀. "Torí ẹ ò lè dákẹ́."

Ilẹ̀ abẹ́ igi kì í ṣe tèmi, ti gbogbo wa ni. N kò lè lé e. Bí mo bá sì sọ òtítọ́, yóò ní ọgbọ́n wúrà ni. Tí ó bá tilẹ̀ gbà mí gbọ́, fadá líle yẹn ṣì wà láyé. Mo wo Cyprien, ojú rẹ̀ jọ ti Dosité níbi ìpéǹpéjú, inú sì bí mi sí i fún ìyẹn.

Mo ní, "Èmi náà á wá. Mo máa wo bí wọ́n ṣe ń gbé wúrà."

"Ẹ̀yin? Àfi kẹ́ ẹ fi aṣọ di ẹnu o."

"Màá dákẹ́ bí ẹja."

"Ìyá Àgbà, ẹja tẹ́ ẹ bá bá jókòó ń padà mọ ọ̀rọ̀ sọ."

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, mo da garawa dé, mo jókòó lé e, mo fi aṣọ ìnura há eyín. Ọ̀sán gangan. Àwọn mẹ́ta gbé ṣọ́bìrì. Ìhà àríwá igi ni wọ́n kọ́kọ́ wà, kò sì sí nǹkan kan níbẹ̀ ju gbòǹgbò lọ. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dúpẹ́ sókè. Lẹ́yìn náà ni Cyprien wo fèrèsé ilé ìyá rẹ̀, ó wo igi, ó gbé ẹsẹ̀ méje, ó sì dúró sójú ibẹ̀ gan-an.

Mo ti múra sílẹ̀. Láti àná ni mo ti ń jẹ ẹ̀wà pupa. Mo ní tí ara bá fọhùn, ẹnu kò jẹ̀bi. Mo gbé ìdí kan sókè lórí garawa yẹn, ó sì dún bí ìgbà tí ọkọ̀ ojú omi bá ń wọ èbúté. Ẹyẹ fò lórí igi. Èjìká àwọn arákùnrin ìyàwó ń mì, omijé ń bọ́ lójú wọn, ọ̀kan gbára lé ṣọ́bìrì kó má baà ṣubú. Cyprien rò ó títí, ó mi orí: kò sí nínú òfin. Wọ́n ń wà á lọ.

Kò pẹ́ ni ṣọ́bìrì dún. Kọ̀. Igi.

Cyprien kúnlẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ẹrẹ̀, igun idẹ kan sì yọ, ó ti di àwọ̀ ewé. Mo ti mọ ohun tí n óò sọ tipẹ́: n óò ní edé mi ń jóná lórí iná. Mo tu aṣọ kúrò lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ohun tó jáde kì í ṣe edé.

Mo ní, "Aurélien."

N kò pariwo. Orúkọ tí mo ti yàn fún un nìyẹn nígbà tó wà nínú mi, n kò sì pè é sókè rí, kódà fún Dosité.

Àwọn arákùnrin ìyàwó ju ṣọ́bìrì nù, wọ́n sá sẹ́yìn tí ọ̀kan fi ṣubú lórí èkejì. Omi ti ń ru nínú ihò, bí omi ṣe ń ru nínú ihò gbogbo lọ́dọ̀ wa, wọ́n sì ń nawọ́ sí i. "Ó ń rì, ẹ wò ó, ó ń rì. Ìyá yìí. Ẹnu bí ilẹ̀kùn tí kò ní ìdè." Wọ́n bú mi dé etí odò, wọ́n gun ọkọ̀ wọn, wọ́n lọ.

Cyprien kò sá. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀, omi dé orúnkún rẹ̀.

"Ìyá Àgbà, ta lẹ pè?"

Mo la ẹnu. Ọ̀rọ̀ kò sí níbẹ̀. Àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láyé mi. Ó wò mí, ó wo igun idẹ yẹn, ó tún wò mí. Ó gbé ṣọ́bìrì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ lásán da ilẹ̀ padà, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fi aṣọ bo ẹni tó sùn.

Ní ọjọ́ kejì, ó fi ọkọ̀ kó ìkarahun wá, ó tò wọ́n síbẹ̀ ní funfun gbọọrọ. Ìbojì nìkan ni a ń tò bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí àwọn ènìyàn bi í, ó ní kí màlúù má baà jìn sínú ihò ni. Kò bi mí ní ìbéèrè kejì. Òun gan-an ló sì bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn yẹn, òun ló ń sọ ọ́ kiri níbi ìpẹja àti níwájú ilé ìjọ: "Ẹ má lọ ba ara yín jẹ́ lábẹ́ igi yẹn mọ́. Ẹnu Ìyá Àgbà Ozémie ti rì í." Kò sí ẹni tó tún gbé ṣọ́bìrì lọ síbẹ̀ láti ọjọ́ yẹn.

Fadá líle yẹn ti kú. Fadá tuntun, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí oòrùn ti bó imú rẹ̀, wá fi omi mímọ́ súre fún àwọn ọkọ̀ ìpẹja wa nígbà tí àsìkò edé bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí. Cyprien ló mú un kiri, òun náà ti darúgbó, ẹsẹ̀ kan ń dùn ún. Mo jókòó lẹ́nu ọ̀nà, mo ń bó edé, mo sì ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tí kò gbọ́. Wọ́n dé abẹ́ igi.

Cyprien ní, "Fadá, ẹ wọ́n díẹ̀ sórí ìkarahun yẹn náà."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan. Òjò kì í ráyè dé ibẹ̀ dáadáa ni, ewé igi yìí pọ̀ jù."

Fadá wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ri ọwọ́ bọ omi, ó sì wọ́n ọn lẹ́ẹ̀mẹta. Mo rí i bó ṣe kán sórí ìkarahun. Edé bọ́ lọ́wọ́ mi, ológbò sì gbé e lọ.