Aṣọ Apá Ọkọ̀ Òfurufú

Ogójì ọdún ni Àlàájà Sùwéébátù ti ń ránṣọ ní Ifọ̀, àmọ́ kò rán aṣọ ọkọ̀ òfurufú rí. Ẹnjiníà Olúṣẹ̀yẹ ló ń kan irú èyí táwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe kí ogun àgbáyé kejì tó dé: igi ni eegun rẹ̀, aṣọ ni awọ rẹ̀. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ rán aṣọ apá ọ̀tún, ó fún pinpin. Ó gbé tòsì fún Àlàájà.

"Àlàájà, èyí tẹ́ ẹ rán ti fẹ̀ jù! Ṣé ọkọ̀ náà máa dàgbà ni?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Àlàájà wọ eegun.

Ẹnjiníà wọ aṣọ méjèèjì fún apá ọkọ̀, ó sì kùn wọ́n lọ́dà. Bí ọ̀dà ṣe ń gbẹ, aṣọ ń súnkì. Tọ̀tún ya pẹ̀rẹ̀. Tòsì nà dáadáa, kò hunjọ rárá.

Ẹnjiníà dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Dìde jàre," ni Àlàájà wí. "Ta ló ń rán aṣọ tí ò tíì rómi rí pinpin? Ìwé òyìnbó lo bi. O ò bi mí."