Ìwé Ọdọọdún Ilé-iṣẹ́ Ọ̀dà

Bàbá tó dá ilé-iṣẹ́ ọ̀dà náà sílẹ̀ ló kọ́ Akọ̀wé bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé ìròyìn ọdọọdún. Láyé ìgbà yẹn, bó bá ti fi ẹ̀rọ tẹ ojú ìwé kan tán, bàbá á ní kó sọ̀ kalẹ̀ lọ kà á fún ìyá tó ń po ọ̀dà. Bí ìyá náà bá ti lejú pẹ́nrẹ́n, àtúnkọ ni.

"Bí a bá jèrè, sọ pé a jèrè," ni bàbá máa ń wí. "Bí a bá sì pàdánù, má fi ọ̀rọ̀ bò ó mọ́lẹ̀."

Ogún ọdún ti kọjá, síbẹ̀ òórùn ọ̀dà tútù tó máa ń gba ojú fèrèsé wọlé nígbà yẹn ò tíì kúrò nímú Akọ̀wé.

Bàbá kú, ọmọ rẹ̀ gorí àga. Ìgbà náà ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ òfin owó ibodè bí ẹni ń pààrọ̀ aṣọ. Èròjà ọ̀dà tó ń ti òkè òkun wá wọ́n gógó, ọmọ bàbá sì gbà pé àfi káwọn ta ilé-iṣẹ́ náà fún ẹni tápá rẹ̀ ká a. Olùrà mẹ́ta yọjú. Bí òfin ṣe tún yí padà báyìí, méjì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ọmọ bàbá pe Akọ̀wé. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lọ́ ìwé tọdún yìí pọ̀ díẹ̀. Bí ẹni tó kù bá rí bí nǹkan ṣe rí, òun náà á sá."

"Àbúrò mi, ẹni náà ò mọ ohun tí ìjọba máa ṣe lọ́la. Ṣé a tún fẹ́ kó má mọ ohun tó wà nílé wa ni?"

Akọ̀wé kọ ọ́ kedere: iye tí wọ́n pàdánù, ohun tó fà á, àti iye oṣù tí wọ́n ṣì lè fara dà á.

Lóṣù kejì, obìnrin tó ṣojú olùrà tó kù dé. "Ìwé ilé-iṣẹ́ mẹ́rin la kà," ló wí. "Mẹ́ta fọ́ wa lórí. Ọ̀rọ̀ ìjọba ò yé wa, àmọ́ tiyín yé wa. A ó rà á, a ó sì gba gbogbo òṣìṣẹ́ mọ́ ọn."

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń yọ orúkọ bàbá lára géètì, Akọ̀wé lọ dúró ní òdìkejì títì. Inú rẹ̀ dùn, ojú rẹ̀ sì ń ro omi. Ọmọ bàbá wá dúró tì í.

"Àǹtí, ṣé Bàbá ò ní bínú sí wa?"

"Á bínú díẹ̀," ni Akọ̀wé dáhùn. "Lẹ́yìn náà, á béèrè bóyá àwọn èèyàn òun ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́."

Àwọn méjèèjì dúró síbẹ̀ títí àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀sán fi wọlé tán.