Afẹ́fẹ́ Inú Bíréèkì

"Màmá, ẹ tẹ̀ ẹ́!"

"Mo ti tẹ̀ ẹ́!"

"Ẹ dì í mú bẹ́ẹ̀ o. Ẹ má fi í sílẹ̀, àfi tí mo bá ní ó yá."

Ìyá Juliet di irin bíréèkì mú bí ẹni tó di ẹsẹ̀ àkùkọ Kérésìmesì mú. Olúsọjí, àbíkẹ́yìn rẹ̀, dojú bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú alùpùpù, ó ń fi sípánà tú nọ́ọ̀tì kékeré kan. Òróró ń gba inú rọ́bà tín-ín-rín jáde, irú rọ́bà tí nọ́ọ̀sì fi ń fa omi sí aláìsàn lára, ó ń bọ́ sínú ìgò oògùn ikọ́ tó wà nílẹ̀. Afẹ́fẹ́ bá a jáde, róbótó-róbótó bí ẹyin ẹja.

"Ìyá Juliet, ẹ kú iṣẹ́ o!"

Bàbá Ìjọ Ajíbóyè ló ń kọjá lójú títì.

"Ẹ ṣé o, Bàbá wa!" Ìyá Juliet ti kúnlẹ̀, ó ti na ọwọ́ ọ̀tún sókè. Irin bíréèkì fò padà, gbogbo ẹyin ẹja inú rọ́bà sì sáré wọlé padà bí ọmọ tó rí ẹgba.

"Màmá!" Olúsọjí fi iwájú orí gbá ilẹ̀. "Ìyá Lucas kọjá, ẹ jù ú sílẹ̀. Àwọn ọmọ iléèwé kọjá, ẹ jù ú sílẹ̀. Ẹ tún wá jù ú sílẹ̀!"

"Kí n wá fi òsì kí Bàbá Ìjọ? Òsì tí mo fi ń nudìí?" Ìyá Juliet bú sẹ́rìn-ín, gbogbo ara rẹ̀ ń mì. "Àwọn tó ṣe maṣíìnì yìí gan-an, ta ló ní kí wọ́n fi bíréèkì sí ọwọ́ ọ̀tún? Ṣé wọn ò ní àgbà tí wọ́n ń kí nílùú wọn ni?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín," ni Gbémi wí láti orí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó fi ọwọ́ ti ẹ̀yìn ìbàdí. "Bí mo bá ti rẹ́rìn-ín, ńṣe ni gbogbo abẹ́ ikùn mi ń fà."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Ìyá Juliet. Ìyàwó Olúsọjí ni Gbémi, oyún rẹ̀ sì ti pé. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni nọ́ọ̀sì ìlú fọwọ́ kan ikùn rẹ̀ títí, tó ní ọmọ ti dábùú, pé kí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn ńlá ní Òkìtìpupa kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọkọ̀ kan ò sì sí ní Ìkọ̀yà. Epo bẹntiróòlù ti wọ́n bí ojú. Ìwọ̀nba tó wà nínú táǹkì alùpùpù Olúsọjí nìkan ló kù. Ṣùgbọ́n lánàá, níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ odò tó wà lọ́nà Òkìtìpupa, rọ́bà bíréèkì bẹ́, alùpùpù sì gbé Olúsọjí wọnú oko ẹ̀gẹ́ olóko. Philemon mẹkáníìkì ta rọ́bà tuntun fún un, òun náà sì gba ilé epo lọ, ó lọ tò fún epo. Olúsọjí ló fọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀ rọ́bà, afẹ́fẹ́ sì kún inú rẹ̀. Béèyàn bá tẹ irin, ńṣe ló ń rọ̀ wọlé bí òkèlè púpurú tómi pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Olúsọjí gbé agolo òróró bíréèkì, ó mì ín létí. "Màmá, ó ti fẹ́ tán. Bá a bá tún ṣì í ṣe, ó parí nìyẹn."

"Kí wá ni afẹ́fẹ́ ń ṣe níbẹ̀ gan-an?"

"Ẹ wò ó. Òróró kì í gbà kéèyàn fún òun pọ̀. Bẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lókè níbí, yóò ti irin nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, irin á wá di táyà mú. Afẹ́fẹ́ ní tirẹ̀, ńṣe ló máa sún kì. Gbogbo agbára ọwọ́ yín, òun ló ń gbé e mì."

Ìyá Juliet bẹ̀rẹ̀, ó tẹjú mọ́ ẹyọ kan tó kù nínú rọ́bà. "Ṣé afẹ́fẹ́ tí mò ń mí sínú yìí náà ni?"

"Òun náà ni."

"Kiní tí ò tó ẹyin ẹja yìí ló fẹ́ gbé ìyàwó mi jù sódò?" Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó tú gèlè orí rẹ̀, ewú rẹ̀ sì yọ síta. "Gbémi, rọra dìde. Wá so ọwọ́ mi mọ́ irin yìí. Fi ìka mi sílẹ̀ kí wọ́n lè ṣiṣẹ́, ọrùn ọwọ́ ni kó o so. So ó bí ìgbà tí wọ́n ń so ewúrẹ́ olè."

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Mo ti tẹ̀ ẹ́. Olúsọjí á tú nọ́ọ̀tì, á dì í, á ní ó yá, Ìyá Juliet á sì dẹ ìka. Ẹyin ẹja ń jáde, wọn ò padà mọ́.

Àfi bí Bàbá Ìjọ ṣe tún yọ, ó ń padà bọ̀. "Ìyá Juliet! Kí lẹ ṣe tí wọ́n fi so yín mọ́ maṣíìnì?"

Orúnkún ń hún Ìyá Juliet. Ọwọ́ rẹ̀ fà gèlè lẹ́ẹ̀kan, gèlè fà á padà. "Bàbá wa, ẹnu ni mo fi ń kí yín lónìí o! Ọwọ́ mi wà lẹ́wọ̀n!"

Bàbá Ìjọ fajú ro. Ìgbà tó rí Gbémi tó jókòó ti àpò ẹrù ìbímọ rẹ̀, ó sún mọ́ wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo inú rọ́bà. Ẹyọ afẹ́fẹ́ kan jáde tó gùn bí hóró ìrẹsì. Ó rọra ń rìn, ó dúró díẹ̀, ó tún rìn, ó sì fò jáde sínú ìgò, ó bẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀, òróró nìkan ló ń bọ̀, ó mọ́ gaara. Bàbá Ìjọ ti ṣí fìlà lórí láìmọ̀.

Olúsọjí dì nọ́ọ̀tì le. "Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò."

Irin náà wọlé díẹ̀, ó sì dúró gbọn-in. Ìyá Juliet fi ìbàdí ti alùpùpù. Kò mira, àfi bíi kùkùté ọ̀pẹ. Ó dẹ ìka, táyà yí lọ. Ó tẹ̀ ẹ́, ó dúró. Òróró lásán, tó gba inú rọ́bà kọjá, tí ìka arúgbó ń tì lókè! Ojú rẹ̀ kún fún omijé. "Olúwa, kí ni ẹ̀dá ò mọ̀ ọ́n ṣe?" ló sọ jẹ́jẹ́.

"Gbémi, ó yá," ni Olúsọjí wí, ó ń tú gèlè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

"Rárá. Èmi ni kó o kọ́kọ́ gbé sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́."

"Ẹ̀yin tẹ́ ò gun maṣíìnì rí láyé yín?"

"Bó bá fẹ́ da èèyàn nù, kó da èmi nù. Èmi ti jẹ, mo ti mu, mo ti ya bàbá rẹ ní wèrè. Èyí tó wà nínú ikùn yẹn ò tíì rí nǹkan kan."

Olúsọjí wo Gbémi, Gbémi wo ilẹ̀. Ìyá Juliet ká ìró rẹ̀ dé orúnkún, ó gùn ún, ó sì fi apá méjèèjì gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

Nígbà tí wọ́n dórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ilẹ̀ yọ̀ lábẹ́ wọn. Igi ọ̀pẹ ń sá sẹ́yìn, afẹ́fẹ́ ń na aṣọ rẹ̀ pàtì-pàtì, afárá odò sì ń tóbi bọ̀ níwájú. Ó fẹ́ kígbe, ohùn ò jáde. Ó rí ìka Olúsọjí tó ká wọlé. Alùpùpù rẹlẹ̀ díẹ̀ níwájú, ó rọra dín eré kù, ó sì dúró jẹ́ẹ́ kí wọ́n tó kan afárá. Omi odò nìkan ni wọ́n ń gbọ́.

Ìyá Juliet sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ gùn ún, Màmá, kí n gbé yín padà sílé."

"Epo lo fẹ́ fi gbé mi yẹn. Lọ gbé ìyàwó rẹ. Èmi á fẹsẹ̀ rìn."

Ó ti gun òkè náà dé ààbọ̀ nígbà tó gbọ́ wọn bọ̀. Ó yà sínú koríko. Gbémi jókòó lẹ́yìn ọkọ rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan gbé ikùn. Ìyá Juliet ò mí títí alùpùpù fi rọra sọ̀ kalẹ̀, tó gorí afárá, tó sì gòkè lódìkejì. Ó dúró síbẹ̀ títí kò fi gbọ́ ìró rẹ̀ mọ́.